Iṣẹ́ Ọnà àti Ìdọ́gba Ẹ̀yà: Ẹ̀kọ́ láti Zaria fún Àwa Olùkọ́

Lásìkò ìjọba amúnisìn, àwọn òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya àwòrán tó gún régé. Àìná Ọnàbólú fi iṣẹ́ ọwọ́ já wọn nírọ́: ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ó sì wá ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó níṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ti òyìnbó nìkan ni ìwé ẹ̀kọ́ ṣì ń gbé ga. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria, nítòsí Kàdúná níbí, dá Zaria Art Society sílẹ̀. Wọn kò kọ ẹ̀kọ́ òyìnbó. Wọ́n ṣa èyí tó wúlò, wọ́n fi kún tiwọn. Ìlànà yìí ni Uche Okeke pè ní Natural Synthesis ní 1960. Òun fúnra rẹ̀ padà lo ulí, ọnà àwọn obìnrin Igbo. Bruce Onobrakpeya lo ìtàn Urhobo. Yusuf Grillo ya àwọn obìnrin Yorùbá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní kíláàsì Kàdúná, ọmọ Hausa, Gbagyi, Igbo àti Yorùbá ń jókòó pọ̀. Bí a bá pe ìkòkò Gbagyi ní ohun ìdáná lásán, irọ́ amúnisìn la tún ń pa.

A dámọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọnà kan wá láti ilé, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yà mìíràn, kí wọ́n sì jọ fi ọnà méjèèjì ya àwòrán kan. Kí a fún àlàyé náà ní máàkì.