Ẹ̀kọ Nìkan Kò Tó Ọmọ Ọwọ́

Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ni ara wọn ń dán títí wọn ó fi pé oṣù 6, níwọ̀n ìgbà tí ọmú nìkan jẹ́ oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ mímu bá gba ipò ọmú, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ẹ̀kọ kò burú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ó ń kún inú, kò sì ní ohun tí ó tó láti mú ara ọmọ dàgbà.

Ní ọdún 1933, obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Gánà nísinsìnyí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ tí àgbàdo jẹ́ olórí oúnjẹ wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú, awọ ara wọn ń bó, wọn a sì máa ké ṣáá. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gá ń pe àìsàn náà hàn fún ayé: kwashiorkor, èyíinì ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ náà; nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú láìfi oúnjẹ rere rọ́pò rẹ̀, ìgbà náà ni ìyọnu dé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò di ìgbà tí a bá ra oúnjẹ agolo olówó ńlá. Ìyá tí ó rà á, tí ó sì ń bu omi là á kí ó lè pẹ́, omi ni ó ń fún ọmọ rẹ̀. Nínú ọjà kan náà tí a ti ń ra ògì ni ẹ̀wà, ẹ̀pà, edé àti ẹyin wà.

Báyìí ni a ń ṣe é. Kí a ṣa ẹ̀wà sóyà, kí a dà á sínú omi tí ń hó, kí a sì sè é fún ìṣẹ́jú 30, nítorí sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ara rí àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a bó èèpo rẹ̀, kí a sá a gbẹ, kí a yan án díẹ̀, kí a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ìwọ̀n ògì 3 sí ìwọ̀n ìyẹ̀fun sóyà 1 ni kí a pò nínú omi tútù, kí a sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi jiná. Kí ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí kì yóò fi ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Kí a fi edé lílọ̀ ṣíbí kékeré kan àti epo pupa ṣíbí kékeré kan sí i. Ẹni tí kò bá rí sóyà lè lo ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ kúnná. Ṣùgbọ́n kí ó ṣa èyí tí ó bu dànù, nítorí májèlé ń bẹ nínú rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè, kì í ṣe ebi. Kí a se ẹyin jiná dáadáa, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe di ọmọ nímú láti da ẹ̀kọ sí i lọ́fun. Ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ọmọ. Ṣíbí àti sùúrù ni kí a lò.

Ọmọ oṣù 6 sí 8 yóò jẹun ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ìyá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó dáná, kí ó má sì fi àjẹkù fún ọmọ. Kí ọmú má ṣe dá títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá sì ń wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tí kò fẹ́ jẹun mọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an; kí a má ṣe dúró de ọ̀la.