Oúnjẹ Ajá, Láti Ẹnu Ọyàn Dé Ọjọ́ Ogbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Bí a bá ń pa òwe yìí, ìgboyà ni a sábà máa ń rò: ajá tí olówó rẹ̀ dúró tì kì í bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òwe náà kan oúnjẹ pẹ̀lú. Ajá tí ebi ti sọ di egungun lásán, bí ènìyàn mẹ́wàá tilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè lé ọ̀bọ dé ìdí igi, áḿbọ̀sì kí ó pa á. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi máa ń yọ ìpín ajá sọ́tọ̀ nínú ẹran tí wọ́n bá jọ pa. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni ajá ṣe, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló sì gbà.

Nínú ilé tí kì í ṣe ti ọdẹ, àṣà mìíràn ni a bá. Òkèlè tó bá ṣẹ́ kù ni ti ajá, àti egungun tí ọmọdé ti fọ́ tì. Bí ọmọ ìkókó bá yàgbẹ́, ajá ni wọ́n máa ń pè kí ó wá pa á lá. Èyí tí kò bá tó o, kí ó lọ wá a ní ààtàn. Àṣà yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀ kò mọ lára ajá nìkan. Ajá tí kò yó nílé ni í rìn kiri. Èyí tó ń rìn kiri ni í pàdé ajá dìgbòlugi. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi pa láyé, bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi í yè.

ÌYÁ AJÁ ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Àlọ́ ìgbà ìyàn, nígbà tí Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run, tó sì ń rí oúnjẹ jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹranko yòókù ń rù, kò ṣàjèjì sí wa. Àlọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀: ìyá ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ajá ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọmọ ajá, kí ó kọ́kọ́ bọ́ ìyá rẹ̀.

Bí ọjọ́ 63 ni ajá fi ń lóyún. Ní oṣù kìíní, oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ tó o. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí í bù sí i díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá bímọ tán ni ebi ń pa á gidi: nígbà tí àwọn ọmọ bá fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, oúnjẹ rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti àtẹ̀yìnwá. Kí omi mímọ́ má sì wọ́n níwájú rẹ̀.

Wàrà tó kọ́kọ́ jáde lọ́mú ìyá ni ààbò ọmọ lọ́wọ́ àrùn, àárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló sì ti ń wúlò jù lọ. Wàrà màlúù kò lè dípò rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń dá sílẹ̀. Bí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, a lè fún un ní ẹ̀kọ tútù tí a fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹyin sísè pò. Kò yẹ kí a já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

AJÁ TÓ Ń DÀGBÀ

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Inú ọmọ ajá kéré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń béèrè púpọ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni kí a máa bọ́ ọ títí di oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó di ẹ̀ẹ̀mẹta títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn èyí ẹ̀ẹ̀mejì.

Àwọn kan ní ẹran nìkan ni oúnjẹ ajá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Uppsala ní ilẹ̀ Sweden fi hàn pé oúnjẹ bí ọkà máa ń dà nínú ajá ju bí ó ti ń dà nínú ìkookò ilẹ̀ òtútù, ìbátan rẹ̀, lọ. Ó ti pẹ́ tí ajá ti ń bá ènìyàn jẹun. Àmàlà kì í ṣe èèwọ̀ ajá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà lásán kò lè mú ọmọ ajá dàgbà, nítorí èròjà amúaradàgbà inú gààrí kéré jọjọ. Ẹran lásán náà kò ní kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le tó. Àdàpọ̀ ló dára: ìrẹsì tàbí àgbàdo sísè, pẹ̀lú ẹja, edé, ẹyin, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀wà tó jinná dáadáa. Ẹni tó ní ajá ńlá bí ajá Jámánì, kí ó má kánjú sọ ọ́ di àgbà. Àsanjù àti àpọ̀jù kálísíọ̀mù a máa ba egungun irú wọn jẹ́.

ÀGBÀ AJÁ ÀTI ARÚGBÓ AJÁ

Bí iṣẹ́ àgbà ajá bá ti tó ni kí oúnjẹ rẹ̀ tó. Èyí tó ń lé ọ̀yà nínú oko kò lè jẹ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tí a so mọ́ ẹnu géètì. Kí alájá fi ọwọ́ pa á ní ìhà: bí ọwọ́ bá kan egungun ìhà láìjẹ́ pé ojú ń rí i ketekete, ó ṣe déédéé. Kí ajá má sì yó bámúbámú wọ igbó. Bí ó bá dé, tó sinmi, kí ó tó jẹun.

Láti bí ọdún méje ni ọ̀pọ̀ ajá ti ń darúgbó. Àwọn ńlá a tètè gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín ń yẹ̀, ẹsẹ̀ ń wúwo. Kí a dín ìwọ̀n oúnjẹ kù bí ó bá ń sanra, kí a sì sè é rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí ogbó fi ẹran àti ẹja dù ú, àyàfi tí dókítà ẹran bá ní àìsàn kíndìnrín wà lára rẹ̀.

ÈÈWỌ̀ OÚNJẸ AJÁ

Àlùbọ́sà àti ááyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Nítorí náà, kí ìyá ilé yọ ti ajá sọ́tọ̀ kí ó tó da èròjà ọbẹ̀ síkòkò. Egungun adìyẹ tí a ti sè a máa ṣán, a sì lè gún ìfun. Obì, kọfí àti ṣokoléètì léwu fún un. Ìfun ẹran tútù àti ìgbẹ́ ọmọ a máa kó aràn bá a, aràn náà a sì padà wọlé bá àwọn ọmọ wa.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Kí a gbé ajá lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí a sì máa tún un gbà ní àsìkò tí dókítà ẹran bá dá. Ajá tó gba abẹ́rẹ́, tó sì yó nílé, kò ní ohun tó ń wá ní ààtàn. Ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀ ni yóò sùn sí, ọmọ aráyé yóò sì kọjá ní àlàáfíà.