Ṣíṣe Iṣẹ́ Méjì Pọ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ìjùrìn, ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ àti ní Ẹ̀fọ̀n, ta ni kò mọ iṣẹ́ ṣe? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ní àkókò kan náà, ṣé èrè ni ó ń jẹ, àbí àdánù?

Àwọn kan á ní èrè ni. Wọ́n á ní ẹni tó bá jókòó ti iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á dá wọn lóhùn pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Lójú tiwa, òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo oko. Bí àgbẹ̀ bá kọ ebè, kì í ṣe iṣu nìkan ni yóò gbìn síbẹ̀. Yóò gbin àgbàdo sí àárín rẹ̀, yóò sì gbin ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí á fà bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí koríko hù púpọ̀. Àgbàdo á tètè gbó, a ó máa jẹ ẹ́ nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin kòkó náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni yóò gbìn sáàárín rẹ̀, kí ewé wọn lè ṣíji bo ọmọ kòkó. Kòkó á tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so dáadáa. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò máa bọ́ ilé. Bí òjò bá kọ̀ tí ọ̀kan kò ṣe dáadáa, òmíràn lè ṣe é. Èrè gidi nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: ilẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ níhìn-ín, kì í ṣe orí àgbẹ̀.

Bí a bá sì fọ́ kòkó tán, a ó kó hóró rẹ̀ tútù jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ní ọjọ́ méjì-méjì a ó yí i padà. Ta ló ń jókòó ṣọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn? Kò sí. Ooru inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ lè lọ ro oko mìíràn, ó lè lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́.

Àwọn obìnrin wa mọ èyí ju àwa ọkùnrin lọ. Ẹ wo ìyá kan tó ti di ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò láti àná, ẹyìn wà lórí iná, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ níwájú ilé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àpò ń ṣe ọ̀kan, iná ń ṣe ọ̀kan, ọmọ ń sùn. Ara ọjà tó ń tà ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí ọmọ náà bá jí ní àkókò tí ó ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ̀ bóyá ènìyàn lè ṣe méjì pọ̀.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ló wà nígbà náà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ti gbé e kalẹ̀, yóò máa ṣe ara rẹ̀ lọ. Ìkejì ń béèrè ojú àti ọkàn wa. Ti àkọ́kọ́, a lè ṣe mẹ́ta pọ̀ kí ó má sì sí ewu. Inú ìkejì ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan wò. Ẹ mú ìwé àti báírò. Ẹ kọ orúkọ yín àti orúkọ ìlú yín. Ẹ wo bó ti yá tó. Ó dára. Ẹ tún un kọ, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń kọ ọ́, ẹ máa kà sókè láti 20 padà sẹ́yìn dé 1. Kí lẹ rí? Bóyá ọwọ́ falẹ̀, bóyá kíkà dàrú, bóyá ẹ fo lẹ́tà kan. Ní kíláàsì alẹ́ wa, àwọn àgbà máa ń rẹ́rìn-ín gan-an bí a bá dé ibí yìí. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún un.

Ìdí rẹ̀ ni pé orí kì í ronú sí nǹkan méjì pọ̀. Ó ń fò ni, láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì, ó tún ń padà. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Joshua Rubinstein, David Meyer àti Jeffrey Evans, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé gbogbo ìgbà tí orí bá fò bẹ́ẹ̀ ni àkókò díẹ̀ ń ṣòfò, àti pé bí iṣẹ́ náà bá ti le tó ni òfò náà ń pọ̀ tó.

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ló dé tí alágbẹ̀dẹ fi lè máa fín iná kí ó sì máa sọ̀rọ̀? Nítorí pé iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lára ni. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà A. Gbogbo ara ni ẹ fi ń kọ ọ́! Lónìí ọwọ́ yín mọ ọ̀nà. Ohun tó ti mọ́ni lára kì í gba ọkàn púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà á dákẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ gbé irin pupa jáde.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ewu wà. Ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tó korò, ní májèlé nínú. Rírin, dídì sínú àpò fún ọjọ́ díẹ̀, títẹ omi rẹ̀ jáde, àti yíyan lórí iná, àwọn ni wọ́n ń lé májèlé náà lọ. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ lè fẹ́ gé ọjọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ọjà má baà kọjá lórí rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì ní ọdún 1981, ọ̀dá dá, ebi sì mú kí àwọn ènìyàn yára jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìdúró de ọjọ́ tó yẹ. Ènìyàn tó ju 1,000 lọ ni ẹsẹ̀ wọn rọ. Ebi ló sún àwọn yẹn ṣe é. Kí la ó sọ nípa ẹni tí ìkánjú lásán sún ṣe é?

Ọ̀nà mọ́tò ńkọ́? Láti Àrámọ̀kọ sí Ìtawùrẹ́ títí dé Ẹ̀fọ̀n, òkè àti kọ́nà ló pọ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ọkọ̀ rẹ̀ ti rin mítà 33 kí ó tó gbé ojú sókè. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 33 níwájú ilé yín, ẹ ó rí bó ti jìn tó. Ọmọ ilé-ìwé mélòó ló lè sọdá ní àárín rẹ̀? Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ka fóònù ní ọwọ́ awakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwa rí ọlọ́kadà tó fi èjìká di fóònù mọ́ etí, tó gbé ìyá àti ọmọ sẹ́yìn. Ẹ sọ fún un kí ó dúró. Bí kò bá dúró, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ti ọ́fíìsì náà kò yàtọ̀, àfi pé ẹ̀jẹ̀ kì í sábà jáde níbẹ̀. Akọ̀wé tó ń dáhùn fóònù lè kọ 64 dípò 46 sí ìwé òṣùwọ̀n kòkó. Ẹni tó ń ta oògùn fún ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lè fi oògùn àgbàlagbà fún ọmọdé. A sì mọ ibi iṣẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ méjì ti fẹ̀yìn tì, tí wọn kò gba ẹlòmíràn, tí wọ́n wá kó iṣẹ́ gbogbo lé ẹnìkan lórí, tí ọ̀gá ń fi í yangàn pé, “Akọ̀wé mi ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta.” Owó ènìyàn kan ló ń gbà o. Àwa kò rí ohun ìyìn níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ mọ ọ̀nà kan tó dára. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ tó ju 800,000 lọ wọ ilé-ìwé, olùkọ́ kò sì tó. Títí di òní, olùkọ́ kan lè ní kíláàsì méjì ní àwọn abúlé wa. Ẹni tó gbọ́n nínú wọn kì í kọ́ méjèèjì pọ̀. Á fún kíláàsì kan ní ìṣirò láti ṣe, á kọ́ èkejì ní ìwé kíkà, lẹ́yìn náà á yí i padà. Èyí tí kò gbọ́n á máa sáré láàárín méjèèjì títí ohùn rẹ̀ yóò fi há.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ ní ohun èlò tí àwọn bàbá wa kò ní. Bí ẹnìkan bá pè yín kúrò nídìí iṣẹ́, ẹ kọ ibi tí ẹ dé sílẹ̀ kí ẹ tó dìde. Télọ̀ kan ní Ìjerò máa ń so bébà mọ́ aṣọ tí kò tíì rán tán: “Apá ọ̀tún ti parí. Ó ku ọrùn.” Ìyá kan nínú kíláàsì wa sì ní ìwé kékeré tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan nìyí:

Ọjọ́ Ajé: ẹ̀gẹ́ wọ àpò.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: se ẹyìn, fún epo.
Ọjọ́rú: ọjà.
Ọjọ́bọ̀: yan gàrí. N kò lọ ibì kankan.