Ríra Ọta Ìbọn Lórí Fóònù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọdẹ pọ̀ láàárín yín ní ilẹ̀ Kétu yìí. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ fúnra rẹ̀, bàbá rẹ̀ lè jẹ́ ọdẹ, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó sì ní oko àgbàdo mọ ohun tí òyà ń fi oko ṣe lóru. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọta ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ọjà ọta ti wọ inú fóònù. Ẹ lè jókòó sí ojúde ilé yín lálẹ́, kí fóònù dún, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì rí àwòrán páálí ọta tí a tò léra wọn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yóò wà lábẹ́ rẹ̀, báyìí:

"Ota wa. Etu wa. A o gbe e wa ba yin nile. A ko bere iwe."

Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, ẹ kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ kò mọ ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì.

"Ọta wà." Ó dáa. Ọta wo? Àwọn tí wọ́n ní ìbọn tí a ń ki ọta bọ̀ láti ẹ̀yìn mọ̀ pé nọ́ńbà wà lára ọta: 12, tàbí 16, tàbí 20. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí nọ́ńbà yìí ti wá, nítorí ó máa ń da ènìyàn lójú rú. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó a mú òjé tí ó wọn pọ́n-ùn kan, ìyẹn kò pé ààbọ̀ kílò. Wọ́n a pín in sí ọ̀nà 12 dọ́gba, wọ́n a sì yí ìpín kọ̀ọ̀kan rubutu bí ọmọ ayò. Ìbọn tí òjé yẹn bá wọ ẹnu rẹ̀ ṣẹ́kú, ìbọn 12 nìyẹn. Bí wọ́n bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò kéré sí ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ 20, yóò tún kéré sí i. Ẹ wá rí i pé bí nọ́ńbà bá ti ń ga sí i ni ẹnu ìbọn ń kéré sí i.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Bí ọdẹ bá fi ọta 20 sínú ìbọn 12, ọta náà kò ní dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró. Yóò yọ̀ wọ inú ọ̀pá ìbọn lọ, yóò sì há síbẹ̀. Ọdẹ yóò ṣí ìbọn wò, kò ní rí nǹkan kan. Yóò rò pé òun kò tíì ki ọta. Yóò ki ọta 12 tẹ̀ lé e, yóò yìn ín. Ọ̀pá ìbọn yóò bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọta fi ń fi àwọ̀ òféefèé, bí ìyeyè, sí ara ọta 20, kí ojú lè tètè dá a mọ̀.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 12/70, 70 yẹn ni gígùn rẹ̀ ní mìlímítà lẹ́yìn tí ó bá ti yìn tán tí ẹnu rẹ̀ sì ti là. Ìbọn tí a kọ 70 sí lára kò gbọdọ̀ jẹ ọta 76. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó gbé páálí lọ́wọ́, ẹ ó kà á, ẹ ó ṣí i, ẹ ó wò ó bóyá omi ti wọ̀ ọ́ tí ó ti wú. Nínú fóònù, àwòrán ni ẹ rí. Wọ́n lè ti ya àwòrán yẹn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ní ilẹ̀ òkèèrè.

"Ẹ̀tù wà." Ẹ wò ó bí a ṣe kọ ọ́ nínú fóònù: etu. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Nínú kíláàsì, a ti kọ́ pé ẹtu jẹ́ ẹran ìgbẹ́, pé ẹtù jẹ́ ẹyẹ tí a tún ń pè ní awó, àti pé ẹ̀tù ni èyí tí ń gbiná nínú ìbọn. Bí ọlọ́pàá bá ka fóònù yín, tí ẹ sì sọ pé ẹran ni ẹ fẹ́ rà, mo rò pé kò ní gbà yín gbọ́, nítorí àwòrán ọta wà lókè ọ̀rọ̀ náà.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi òfin de ẹ̀tù àti ọta ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe òní. Ní 1886, nígbà tí ogun Dàhòmì kó Kétu, ìbọn àti ẹ̀tù tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun náà. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù keje 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà kò jẹ́ kí a kó ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, àfi pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Wọ́n yọ̀ǹda ìbọn olókùúta tí a ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu, àti ẹ̀tù ọjà lásán. Wọ́n sọ pé nítorí òwò ẹrú ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn náà ń bọ̀ wá gba ilẹ̀, wọn kò sì fẹ́ bá ìbọn tí ó dára pàdé lọ́nà. Ó wà lára ìdí tí ṣakabùlà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

"A ó gbé e wá bá yín nílé." Gbólóhùn yìí ni ó dùn jù lọ, òun náà ni ó léwu jù. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó bá ti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu nítorí páálí ọta kan, owó ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọta. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò gbé e wá, a ó fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gbé e wá?

Kò lè gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Àjọ tí ó da gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ ayé pọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1874, kò gba ohun tí ń bú gbàmù láàyè nínú lẹ́tà tàbí ẹrù. Nínú ọkọ̀ òfuurufú pàápàá, èrò kan kò lè gbé ju kílò 5 ọta lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlò ara rẹ̀, kí ó wà nínú ẹrù tí a kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ sì ti gbà kí ó tó dé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní òun yóò gbé e wá nílé ní ọ̀nà kan ṣoṣo: kí ó fi í pamọ́ sínú ẹrù mìíràn. Yóò fi í sínú àpò gaàrí tàbí àpò ìrẹsì, yóò fún ọmọ zémidjan, yóò sì sọ pé oúnjẹ ni. Ọmọ zémidjan yóò dúró ra epo kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnì kan ń mu sìgá níbẹ̀. Ẹ̀tù wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀.

Bí iná kò bá mú un, ọlọ́pàá lè mú un. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè pé ta ni ó ń gbé e lọ fún, nọ́ńbà yín ni yóò fi hàn wọ́n. Ní ẹ̀bá ààlà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà rí ọta nínú àpò ìrẹsì tí a gbé gba ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn wọlé. Ẹni tí ó bá rò pé Ìlárá kò jìnnà, pé ẹbí wa ni wọ́n, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ECOWAS, tí ìwé Faransé ń pè ní CEDEAO, fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006, lórí ìbọn kéékèèké àti ọta wọn. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ọta tí ó bá sọdá ààlà láìsí àṣẹ, ẹrù òfin ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín ni ó fi ránṣẹ́.

"A kò béèrè ìwé." Irọ́ ni. Ìwé àṣẹ ìbọn ni wọn kò béèrè. Ẹ kàn dá wọn lóhùn, ẹ ó rí ohun tí wọn yóò béèrè. Wọn yóò ní, "Ẹ ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ yín, kí a mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọlọ́pàá." Wọn yóò ní, "Ẹ fi ibi tí ilé yín wà ránṣẹ́." Wọn yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ san ìdajì owó nípa MoMo tàbí Moov Money. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ béèrè nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń gba owó jáde.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó ní káàdì yín lè fi orúkọ yín jẹ gbèsè tàbí lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Ẹni tí ó mọ ilé yín, tí ó sì mọ̀ pé ẹ ń wá ọta, ti mọ̀ pé ìbọn wà nínú ilé náà. Olè kò fẹ́ràn ohun mìíràn tó ìbọn. Owó yín ńkọ́? Ó ti lọ. Ẹ kò sì ní lè pariwo, nítorí ẹ ó kọ́kọ́ sọ pé ọta ni ẹ fẹ́ rà láìgba àṣẹ. Olè náà mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi yan ọta láti fi ṣe ìdẹ, tí kò yan bàtà.

Facebook ti ní láti oṣù kìíní 2016 pé kí ènìyàn má ṣe ta ìbọn tàbí ọta fún ara wọn lórí rẹ̀, WhatsApp náà kò sì gbà fún àwọn tí ń fi í ṣòwò. Nítorí náà ẹni tí ẹ bá rí níbẹ̀ ń sá pamọ́ ni. Ó ń pààrọ̀ nọ́ńbà bí ọ̀gà ti ń pààrọ̀ àwọ̀.

Àwọn kan á sọ pé, "Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1963, Lee Harvey Oswald fi ìwé ra ìbọn láti Chicago. Orúkọ tí ó kọ ni A. Hidell, tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ìbọn náà ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ ní Dallas. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìbọn náà ni a fi pa Ààrẹ Kennedy. Ní 1968 wọ́n ṣe òfin tí kò jẹ́ kí a máa fi ìbọn àti ọta ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ará ìlú láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ní 1986 wọ́n yọ ọta kúrò nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọta fi ń lọ sílé àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọn ṣì kọ̀ láti gbé e. Iléeṣẹ́ aládàáni ni ń gbé e.

Ní tiwa, ìwé àṣẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà. Ẹ béèrè ọ̀nà rẹ̀ ní àgọ́ Police Républicaine tí ó sún mọ́ yín. Mo ti gbọ́ tí ọdẹ kan ń kùn pé, "Kí ni ìjọba fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin 2017-20 tí ó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 ní Bẹ̀nẹ̀ wa yìí sọ pé ẹni tí ó bá pa orúkọ yín mọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, àti pé ẹ lè béèrè láti rí i kí ẹ sì tún un ṣe bí ó bá ní àṣìṣe. Àjọ tí ń bójú tó o ni APDP. Ẹni orí fóònù kò ní ibùjókòó tí ẹ lè lọ bá a.

Bí ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́ ṣáájú kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ má ṣe nu ọ̀rọ̀ inú fóònù náà kúrò. Ẹ yí nọ́ńbà àṣírí yín padà lónìí. Ẹ mú nọ́ńbà ìsanwó lọ sí ọ́fíìsì MTN tàbí Moov kíákíá, nítorí bí olè bá ti gba owó náà jáde, ó ṣòro láti rí i gbà padà.

Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ olùtajà tí ó ní àṣẹ, yóò ṣí ìwé ńlá kan. Yóò kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín, irú ọta àti iye rẹ̀, yóò sì ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, ìka ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń tẹ̀. Nísinsìnyí ẹ lè kà á. Bí ó bá fún yín ní 25 tí ó sì kọ 50, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i. Ọta 25 tí ó kù yóò lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ yín ni yóò sì wà nínú ìwé.