Yíyan Ètò Tí Kọ̀ǹpútà Ilé Yóò Fi Bá Ará Òkèèrè Sọ̀rọ̀

Kí GSM tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ẹni tó bá ní tẹlifóònù nínú ilé ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, tàbí ní Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, ènìyàn ńlá ni ládùúgbò, nítorí pé wáyà tí iléeṣẹ́ NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, nà káàkiri orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù yìí kò tó mílíọ̀nù 1. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ra kọ̀ǹpútà, tó sì fẹ́ kí ó gba ojú wáyà kan náà bá kọ̀ǹpútà Èkó tàbí ti òkè òkun sọ̀rọ̀, ohun méjì ni yóò tún wá kún un: módẹ́ẹ̀mù, tí í sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ohùn tí tẹlifóònù lè gbé, àti ètò tí yóò máa darí ìjíròrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó ló ń ra módẹ́ẹ̀mù, ṣùgbọ́n làákàyè ló ń yan ètò, ètò tí a kò bá sì yàn re ni í sọ owó tẹlifóònù di ìnákúnàá.

Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, ni a ti rí àpẹẹrẹ. Láàárín àwọn ọdún 1990, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ ICTP, ibùdó ìmọ̀ físíìsì tí Abdus Salam, ọmọ Pakistan, dá sílẹ̀ ní Trieste ní Ítálì ní ọdún 1964, láti máa fi wáyà tẹlifóònù gba ìmẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́. Nígbà tí owó ìpè òkè òkun gbóná báyìí, ọlọ́gbọ́n kì í pe tọ̀hún tán kí ó tó máa ronú ohun tí yóò kọ. Yóò ti kọ lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, yóò kó gbogbo wọn jọ, yóò pè, yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, yóò gba èyí tó wà nílẹ̀ dè é, yóò sì pa tẹlifóònù kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti FidoNet, tí Tom Jennings dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984: òru, nígbà tí owó ìpè bá wálẹ̀, ni àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń pe ara wọn. Nítorí náà, ètò tí kò jẹ́ kí ènìyàn kọ lẹ́tà sílẹ̀ kí ó tó pè, tí kò sì lè pe nọ́ńbà fúnra rẹ̀ bí onílé bá ti sùn, kò yẹ ní ohun tí à ń náwó lé.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ètò yìí ni láti sọ kọ̀ǹpútà ilé di kíbọọ̀dù àti ojú ìwòran fún kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́nà jíjìn, èyí tó sábà máa ń retí pé kí àlejò rẹ̀ múra bí VT100, ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ DEC gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978, tí ojú rẹ̀ gba ìlà 24, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 80. Commodore 64, tó jáde ní ọdún 1982, tó sì pọ̀ nínú ilé ní Amẹ́ríkà àti ìlú Òyìnbó, àyè lẹ́tà 40 péré ló ní lórí ìlà kan. Bí ètò inú rẹ̀ kò bá lè fi lẹ́tà tín-ín-rín dí àlàfo yẹn, ìlà yóò máa ṣẹ́ síra wọn. Bí kò bá sì gbọ́ èdè VT100 rárá, àmì àkámọ́ àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ni yóò kún ojú ìwòran. Módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé bíìtì 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí lẹ́tà 30 ló ń gbé, ojú VT100 kan tó kún yóò sì gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni fífi fáìlì ránṣẹ́, nítorí pé ariwo díẹ̀ lórí wáyà lẹ́yìn òjò ti tó láti ba lẹ́tà jẹ́. Ní ọdún 1977, Ward Christensen ní Chicago kọ XMODEM, ìlànà tí í gbé báìtì 128 lẹ́ẹ̀kan, tí í sì dúró gbọ́ pé ó dé láìlábùkù kí ó tó gbé òmíràn. Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáàló, tí í ta aṣọ láwìn, tí í sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó yóò fi pé lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo máa ń rántí bí mo bá ń ronú nípa ìlànà yìí. ZMODEM, tí Chuck Forsberg kọ ní ọdún 1986, yá jù ú lọ dáadáa, bí iná NEPA bá sì lọ tàbí wáyà bá já, ibi tó bá iṣẹ́ dé náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ padà.

Èmi yóò kọ́kọ́ mú Kermit, tí Yunifásítì Columbia ní New York bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981, bí ó tilẹ̀ falẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í gbà ju bíìtì 7 lọ nínú 8 tó wà nínú báìtì kọ̀ọ̀kan. XMODEM kò lè kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n Kermit yóò sọ ẹrù rẹ̀ di lẹ́tà lásán tí gbogbo ọ̀nà ń gbà wọlé. Èyí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. ASCII, tí bíìtì 7 náà wà fún, àyè 128 ló ní, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí a fi ń tẹ Yorùbá nígbà náà gbé àwọn lẹ́tà yìí sí òkè 127, tí ọ̀nà oníbíìtì 7 á sì sọ wọ́n di lẹ́tà mìíràn pátápátá. Unicode, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ni a fi ń bọ́ nínú ìyọnu yẹn lónìí.

Columbia ti dá iṣẹ́ Kermit dúró ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Mo bẹ ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ìwé ìpàdé yín ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́: ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n, kí ó fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ tuntun, kí ó fi Kermit kó àkọsílẹ̀ yín jáde kí díìsì tó bàjẹ́.