i7 Ni, Àmọ́ i7 Ọdún Wo?

Àbúrò mi tó wà ní Elizade University níbí ní Ìlárá-Mọ̀kín fi odidi ọdún kan tọ́jú owó kó lè ra kọ̀ǹpútà tó máa fi gbá FC 24. Ọjọ́ Sátidé la wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù tá a kọ́kọ́ bá gbé tòkunbọ̀ kan kalẹ̀: “Ọ̀gá mi, i7 lèyí o! 3.4 GHz! Kò sí géèmù tí kò lè gbé.” Àbúrò mi ti ń tọwọ́ bọ àpò.

Mo ní kó dúró ná. Mo ṣí i wò, i7-3770 ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. 3 yẹn túmọ̀ sí ìran kẹta, ọdún 2012 ni Intel gbé e jáde. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jẹ́ i5-8500, ìran kẹjọ, ti ọdún 2018, 3.0 GHz. Lójú oníṣọ́ọ̀bù, i5 kéré sí i7, 3.0 náà kéré sí 3.4, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí o. Iye ìgbà tí ọkọ́ balẹ̀ ni GHz ń sọ, kò sọ iye ebè tí àgbẹ̀ kọ. Bí wọ́n ṣe to inú processor tuntun ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i nígbà tí ọkọ́ bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. i5 yẹn tún ní core mẹ́fà, i7 àtijọ́ ní mẹ́rin. Àwọn tó ṣe FC 24 fúnra wọn ní ó kéré tán, kó jẹ́ i5-6600K, ìyẹn ìran kẹfà. Àwọn géèmù tuntun kan tiẹ̀ wà tí kò ní ṣí rárá lórí ìran kẹta, torí wọ́n ń béèrè AVX2, tó jẹ́ pé ìran kẹrin, lọ́dún 2013, ni Intel ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Windows 11 ńkọ́? Ìran kẹjọ ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n wọlé.

Ni àbúrò mi bá yí padà bìrí: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká kúkú ra ìran kejìlá.”

Mo kọ̀. Tá a bá ná gbogbo owó sórí processor, kí ló máa ya àwòrán? Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, graphics card ló ń ru ẹrù tó wúwo jù, èyí tó wà nínú processor fúnra ẹ̀ kò sì tó nǹkan.

i5-8500 la rà, a fi owó tó kù ra GTX 1650, irú èyí tí kò nílò wáyà iná ọ̀tọ̀. 75W ló ń fà, ó sì bá àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọ̀nyí mu, torí power supply wọn kì í sábà lágbára. Ẹ ṣáà wọn inú àpótí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn kan tín-ín-rín débi pé káàdì kékeré nìkan ló lè wọ ibẹ̀.

A dé Ìlárá lálẹ́, iná ò sí.