Ẹ yí akàn náà wò kí ẹ tó rà á

Púpọ̀ nínú akàn omi tí a ń jẹ ní Avrankou wá láti inú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué. Ẹni tí ó bá mọ bí ara akàn ti rí kò ní ná owó rẹ̀ lásán.

Nínú àlọ́, a máa ń gbọ́ pé akàn kò ní orí. Ó ní orí: orí àti àyà rẹ̀ ni ó lẹ̀ pọ̀ sábẹ́ karawun kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Méjì ti iwájú dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Mẹ́fà ni ó fi ń rìn. Méjì ti ẹ̀yìn sì fẹ̀ bí àjẹ̀, òun ni ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Akàn ilẹ̀, tí ń gbẹ́ ihò sí etí ọ̀sà, kò ní irú àjẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Akàn kò ní egungun nínú, gẹ́gẹ́ bí edé tí í ṣe ìbátan rẹ̀. Karawun ni ó dúró fún egungun, karawun kì í sì í dàgbà. Nítorí náà, bí ara bá ti há, akàn a bọ́ ti àtijọ́ sílẹ̀, a sì jáde pẹ̀lú òmíràn tí ó rọ̀ bí awọ. A fa omi sára kí ó lè tóbi, lẹ́yìn náà ni karawun tuntun yóò le. Ẹsẹ̀ tí ó ti gé a tún hù díẹ̀díẹ̀ lásìkò bíbọ́ yìí. Akàn bẹ́ẹ̀ tóbi lójú, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rọ̀, ẹ mú òmíràn.

Ẹ tún wo ìbòrí tí ó ká mọ́ ikùn rẹ̀. Ti akọ tín-ín-rín. Ti abo tí ó ti dàgbà fẹ̀, ó sì rí roboto. Abẹ́ ìbòrí yìí ni abo ń gbé ẹyin sí, tí yóò wú bí kànrìnkàn. Ẹyin náà lè ju 500,000 lọ. Àwọn kan ń wá irú abo yìí nítorí adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi rò pé ọ̀wọ́n ni oúnjẹ náà, nítorí akàn ọjọ́ iwájú ni a ń sè. Omi oníyọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń fẹ́, irú èyí tí ń wọlé láti inú òkun gba ojú omi tí a là ní Kùtọnu ní 1885.

Ẹyin tuntun máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí i tí ó ti dúdú, ó ku ọjọ́ díẹ̀ péré kí àwọn ọmọ náà jáde sínú omi.